Àga àtijọ́ tí Bàbá fi sílẹ̀, owó ọwọ́ mi ò ju ₦120,000 lọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáTòní_Lugbe · Ọjọ́ Ẹtì, aago 8 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Bàbá mi. Èkó ni wọ́n ti kan àga rẹ̀, kí wọ́n tó bí mi, ó sì kó gbogbo ẹ̀ tẹ̀lé iṣẹ́ wá sí Àbújá nígbà tí ìjọba gbé olú-ìlú wá síbí lóṣù Kejìlá ọdún 1991. Bàbá papòdà lọ́dún tó kọjá, Màmá ti padà sí Ọ̀ffà, ni àga bá di tèmi. Àga onígi alápá, ẹyọ mẹ́rin, èyí tí èèyàn mẹ́ta ń jókòó sí, ẹyọ kan, tábìlì àárín, àti dìfáídà gàgàrà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ẹ mọ irú ẹ̀: ibi tẹlifíṣọ̀n láàárín, dígí tó ń sún lọ sún bọ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí àwo aláràbarà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi jẹun máa ń wà.

Fúláàtì wa ò tóbi. Látìgbà tí wọ́n ti já ẹrù yẹn, pálọ̀ ti ṣú bí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Bàbá Tòní ní ká tà wọ́n fún àwọn tó ń ra àlòkù ká lọ ra tuntun. Mo bá a dé ọjà àga ní Kugbo ní Sátidé. Mo jókòó lórí àga kan tó ń dán, mo kàn fẹ̀yìn tì í ni, nǹkan dún "kẹ́ẹ̀" lábẹ́ mi. Mo béèrè iye ẹ̀, ojú mi sì là.

₦120,000 ni mo lè kó sílẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Wọ́n ní kí n fi ọ̀dà funfun kùn ún, pé òun ló wà lóde báyìí. Ṣé kí n kùn ún?

---

Ṣadé_Kàdúná · Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:40 alẹ́

Kùn ún jàre, Ìyá Tòní! Mo kun kọ́bọ́ọ̀dù ìyá ọkọ mi, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń béèrè ibi tí mo ti rà á.

---

Àdìsá_Kubwa · Ọjọ́ Ẹtì, aago 9:05 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú. Èmi náà kun tèmi. Oṣù Kìíní ni, ọyẹ́ ń fẹ́ bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un. N ò fi sáńpépà ha nǹkan kan, mo kàn ṣí agolo ọ̀dà olóróró tó ń dán, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún ní iwájú ilé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo eruku ọjọ́ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àga funfun di àga onírun. Kò sì gbẹ dáadáa, torí epo tí ìyá mi ti fi ń pa á fún ogún ọdún ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọmọ mi jókòó sí i lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú ìlà funfun méjì lẹ́yìn ṣòkòtò.

Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí awọ ejò. Ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

---

Bàbá_Ọ̀pẹ̀pẹ̀ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 6 àárọ̀

Ọmọ mi, Ìyá Tòní, kú àárọ̀. Bàbá ẹ á sùn ire o. Mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe káfíńtà ní Panteka, Kàdúná níbí, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè kí ọ̀dà tó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Igi wo ni? Dojú àga kan dé, wo abẹ́ ìjókòó ẹ̀ níbi tí fáníìṣì ò dé. Bí ojú igi bá ń bá a lọ láti òkè wọ inú, tí ó sì wúwo tó o fi ní láti mí kí o tó gbé e, igi gidi ni, ó lè jẹ́ ìrókò, ó lè jẹ́ ọ̀gànwó. Ìrókò máa ń pọ́n bí wúrà tó ti pẹ́, ọ̀gànwó máa ń pupa. Dìfáídà ńkọ́? Yẹ etí pákó ẹ̀ wò lẹ́yìn. Bí o bá rí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tò léra, tàbí ẹ̀rún igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, a jẹ́ pé awọ igi lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀. Awọ yẹn ò nípọn tó èékánná. Bí o bá gbé sáńpépà 80, èyí tó le, lé e, á lu, kò sì sí ohun tó lè dí i padà.

Àga ọ̀hún, ṣé ó ń mì?

---

ÌyáTòní_Lugbe · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo dojú wọn dé gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Àga jẹ́ igi gidi, ó pọ́n bíi oyin, ó sì wúwo débi pé ọmọ ọ̀dọ̀ méjì la pè. Ẹ ò gbà gbọ́, mo rí orúkọ Bàbá lábẹ́ ìjókòó kan, wọ́n fi pẹ́ńsù káfíńtà kọ ọ́, pẹ̀lú iye owó. N ò ní sọ iye tó jẹ́ fún yín kí ẹ má baà sunkún.

Dìfáídà ni tí wọ́n fi awọ lẹ̀, mo rí i létí. Àga méjì ń mì. Bí Bàbá Tòní bá jókòó sí ọ̀kan tó sì ń rẹ́rìn-ín, àga náà ń bá a rẹ́rìn-ín.

---

Bàbá_Ọ̀pẹ̀pẹ̀ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 4 ìrọ̀lẹ́

Ìrókò ni. Ẹni tó bá fi ọ̀dà funfun kun ìrókò, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí n mọ̀.

Ohun tó ń ṣe àga tó ń mì rèé. Igi kì í kú tán. Bí afẹ́fẹ́ bá ní omi, á mu ún, á wú. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, á súnkì. Etí òkun ni wọ́n ti kan àga yẹn, nínú ọ̀rinrin Èkó, ẹ wá gbé e wá sí ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì. Lọ́dọọdún ni ahọ́n igi ń súnkì nínú ihò tí wọ́n kì í bọ̀, lọ́dọọdún ló ń wú padà, títí gọ́ọ̀mù àtijọ́ fi já. Kò sí àbùkù lára igi náà. Gọ́ọ̀mù ló ti kú.

Yọ ẹsẹ̀ tó ń mì jáde pátápátá. Bí ó bá ṣagídí, fi aṣọ wé orí òòlù, kí o máa gbá a jẹ́jẹ́ láti inú. Fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ dànù lára ahọ́n àti nínú ihò títí igi yóò fi hàn, nítorí gọ́ọ̀mù tuntun kì í di orí gọ́ọ̀mù àtijọ́ mú. Fi gọ́ọ̀mù funfun tí àwa káfíńtà ń lò sí ọ̀tún àti òsì, tì í wọlé. Lẹ́yìn náà, fi okùn yí ẹsẹ̀ àga ká, ti igi kékeré kan bọ àárín okùn, kí o máa lọ́ ọ, máa lọ́ ọ, títí okùn á fi le tí ẹnu ìdè á sì pàdé. So igi yẹn mọ́lẹ̀ kó má baà yí padà. Gọ́ọ̀mù tó bá yọ síta, fi aṣọ tútù nù ún kíákíá, torí ibi tó bá gbẹ sí, fáníìṣì ò ní mu níbẹ̀, á máa hàn bí làpálàpá. Kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa jókòó sí i di ọjọ́ kejì.

Má kan ìṣó mọ́ ọn o. Gbogbo káfíńtà tó ń kọjá ládùúgbò ló máa sọ pé kí o jẹ́ kí òun kan ìṣó méjì. Igi tó ti gbẹ bẹ́ẹ̀, ìṣó á là á, nígbà náà ni wàá wá ní àga tó kú lóòótọ́.

---

Ṣadé_Kàdúná · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 5 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ má bínú, ẹ fi orí jì mí 😂. Tèmi kì í ṣe ìrókò o, fọmáíkà aláwọ̀ igi ni, tó ti ń ṣí létí. Mo sì ha á dáadáa kí n tó kùn ún, mo kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n Àdìsá ni ò ha tiwọn.

---

Bàbá_Ọ̀pẹ̀pẹ̀ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 5:10 ìrọ̀lẹ́

Fọmáíkà? Kùn ún, mo yọ̀ǹda.

---

ÀǹtíRẹ̀mí_Kánò · Ọjọ́ Àìkú, aago 3 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi. Iṣẹ́ rírán àga ni mo ń ṣe ní Sabon Gari, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ, torí gbogbo yín ń sọ ti igi bí ẹni pé orí igi la ń jókòó sí.

Ìyá Tòní, ohun tó ń sọ àga yín di ti àtijọ́, aṣọ ara ẹ̀ ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé àwọ̀ igi sísun ni, tàbí pupa rúsúrúsú tó ní òdòdó. Igi pọ́n, aṣọ pọ́n, ilẹ̀kùn pọ́n, kí ni ojú fẹ́ rí? Ìrókò tó ní àwọ̀ oyin máa ń yọ bí wọ́n bá fi àwọ̀ ewé tó ṣú, aró, tàbí àwọ̀ àgbàdo gbígbẹ sí i. Ẹ má gbà kí wọ́n tà yín ní funfun. Eruku Àbújá yín ò yàtọ̀ sí ti Kánò.

Ìjókòó méje lẹ ní. Bí aṣọ bá fẹ̀ tó íǹṣì 54, ìjókòó kan àti ẹ̀yìn ẹ̀ máa gba yáàdì méjì, yáàdì 14 nìyẹn. Ẹ má ra ankara fún ìjókòó, ó fẹ́lẹ́, á fi ibi ìránṣọ sílẹ̀ kó tó pé ọdún kan. Kí ẹ fi ankara ṣe ìrọ̀rí. Bí ẹ bá ní ẹni ní Kánò, Kantin Kwari ni kó ti bá yín ra aṣọ àga, ṣùgbọ́n ẹ ní kó ya àwòrán rẹ̀ ní ìta nínú oòrùn kó tó sanwó. Iná ṣọ́ọ̀bù ń purọ́.

Ní ti fóòmù, ẹ ṣí síìpù, kí ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ìyẹ̀fun yẹ́lò bá tẹ̀lé ọwọ́ yín, ó ti kú, ẹ ra òmíràn. Bí ó bá kàn tẹ̀ lásán, ẹ yí i padà, kí abẹ́ di òkè, ẹ ó rí i pé ó ṣì lágbára. Ẹ̀yìn àga kì í sábà bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta fóòmù 14 fún yín nígbà tó jẹ́ pé méjì péré lẹ nílò.

Bí ìjókòó bá ń rì, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ kí ẹ tó bú fóòmù. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà táyà tí wọ́n fi hun ún lábẹ́ ló ti já. Àwọn vọ́kánáísà máa ń ní túùbù àtijọ́, ẹ ní kí wọ́n gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́.

---

Ọmọ_Ìlọrin · Ọjọ́ Àìkú, aago 7 alẹ́

Àǹtí Rẹ̀mí, ẹ ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé ohun kan. Màmá Ìyá Tòní wà ní Ọ̀ffà, àpótí aṣọ àwọn màmá yẹn ò lè má ní kíjìpá. Àwọn àgbà ní òfì laṣọ àgbà, kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, torí kíjìpá kì í gbó. Àga gan-an ni ọ̀lẹ tí ń jókòó sójú kan látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́ fún un! Màmá mi fún mi ní méjì, mo fi bo ẹ̀yìn àga gígùn wa ní Minna. Ọmọ ti da ògì sí i, mo fọ̀ ọ́, ó padà sípò.

---

Ẹ̀rọ_Owó · Ọjọ́ Ajé, aago 1 òru

Ẹ gbé e fún mi, mo máa sanwó ọkọ̀.

---

Nọ́ọ̀sì_Zaria · Ọjọ́ Ajé, aago 2 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní bẹ́ẹ̀dì ọmọ tàbí kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn láti ìgbà pípẹ́, ẹ má fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ. Òjé wọ́pọ̀ nínú ọ̀dà ayé àtijọ́. Ẹ̀yin ará Àríwá ò ní gbàgbé ọdún 2010 ní Zamfara, nígbà tí òjé inú eruku òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Òjé kan náà ló wà nínú ọ̀dà, ọmọ kékeré ló sì ń tètè mú. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, ẹ bo imú, kí ọmọ àti aboyún má sí nítòsí, kí ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò gbígbálẹ̀. Ti Ìyá Tòní tí kò lọ́dà rí, fáníìṣì nìkan ni, ìyẹn ò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó bo imú náà.

---

Àdìsá_Kubwa · Ọjọ́ Ajé, aago 6 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. N ò mọ̀yẹn rárá.

Ìyá Tòní, ti dìfáídà yẹn: ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó lẹ́yìn, apá méjì ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n kàn gbé ti òkè lé ti ìsàlẹ̀, súkúrù mẹ́rin ló so wọ́n pọ̀. Ẹ tú u. Ìsàlẹ̀ á di ibi tí ẹ máa gbé tẹlifíṣọ̀n lé, kò ní ga ju orúnkún lọ. Ògiri yín á mí. Òkè, ẹ gbé e lọ sí ibi tí àwọn ọmọ ń kó ìwé sí. Èyí nìkan ni mo ṣe dáadáa nínú gbogbo àdánwò mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní máàkì.

---

Alámòójútó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ti yọ ìpolówó àga olówó gbọọrọ tí ẹnì kan lẹ̀ síbí. Ẹ bá ọ̀rọ̀ lọ.

---

ÌyáTòní_Lugbe · Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o.

Gọ́ọ̀mù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá, mo lọ́ okùn yẹn títí ọwọ́ fi pupa, Tòní sì di ìgbákejì káfíńtà. Àga méjèèjì ti dúró gbọn-in. Bàbá Tòní mọ̀ọ́mọ̀ jókòó, ó rẹ́rìn-ín kíkan kíkan láti dán an wò. Àga dákẹ́.

N ò bó fáníìṣì àtijọ́ tán. Mo fi omi ọṣẹ díẹ̀ fọ ìdọ̀tí ara ẹ̀, omi tó jáde dúdú bí àgbo. Ó gbẹ, mo fi sáńpépà 220, èyí tó kúnná, ha á fẹ́ẹ́rẹ́, mo ń tẹ̀lé ojú igi, mo nù ún, mo wá fi fáníìṣì kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo kọ́gbọ́n lára Ẹ̀gbọ́n Àdìsá: inú yàrá tó ṣófo ni mo ti kùn ún, mo wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà fò, mo sì ṣí fèrèsé kan.

Àmì kọ́ọ̀bù tíì Bàbá wà lórí tábìlì, òrùka funfun mẹ́ta. Mo fi Vaseline pa á mọ́jú, mo nù ún lówùúrọ̀. Méjì lọ. Ìkẹta dúdú, kò lọ, mo sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Bàbá máa ń gbé kọ́ọ̀bù sí.

Dìfáídà: apá méjì ni lóòótọ́! Súkúrù mẹ́rin! Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, ẹ gba máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Àga kò fẹ̀yìn ti ògiri mọ́, mo fà wọ́n wá síwájú, wọ́n dojú kọra wọn. Mo gbé ọ̀pá kọ́tìnì sókè sún mọ́ àjà, mo yọ gílóòbù funfun, mo fi èyí tí iná ẹ̀ pọ́n díẹ̀ sí i. Ó yà mí lẹ́nu pé iná ló ń sọ ilé di ọ́fíìsì.

Ìṣirò rèé, kí ẹ má rò pé mo ń parọ́: aṣọ àwọ̀ ewé yáàdì 14 ní ₦4,000, ₦56,000 nìyẹn. Rírán, ₦21,000. Fóòmù ìjókòó méjì, ₦18,000. Gọ́ọ̀mù, sáńpépà, fáníìṣì àti búrọ́ọ̀ṣì, ₦15,500. Gílóòbù, ₦4,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦114,500. Ọmọ_Ìlọrin, mo pe Màmá lórí kíjìpá. Wọ́n ní àwọn ní mẹ́ta, ṣé mo rò pé àwọn máa gbé aṣọ ìyá àwọn fún ìdí èèyàn ni? Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè mí padà pé kí n wá mú ẹyọ kan.

Ohun kan ló kù. Dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ dìfáídà ò ṣí dáadáa. Mo fà á tipátipá, mo rí ìwé owó iná NEPA àti kọ́kọ́rọ́ kan tí n ò mọ ilé tó ṣí. Kò sì wọlé padà mọ́.

---

Bàbá_Ọ̀pẹ̀pẹ̀ · Ọjọ́ Àìkú, aago 9 alẹ́

O káre, ọmọ mi. Yọ dúrọ́ọ̀ yẹn jáde tán, fi àbẹ́là gbígbẹ ra ojú igi méjèèjì tó ń gbà rìn, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Má fi epo sí i o, epo á fa eruku mọ́ra. Bí kò bá sí àbẹ́là, ọṣẹ ìfọṣọ gbígbẹ náà á ṣe é. Bí ó bá ṣì ń há, dúró di ìgbà ọyẹ́, á súnkì fúnra ẹ̀.

---

ÌyáTòní_Lugbe · Ọjọ́ Àìkú, aago 9:30 alẹ́

Ó ti wọlé, Bàbá. Ọṣẹ ni mo lò.